Ibi Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Tí Kò Jìnnà Sí Ilé

Ẹ̀kọ́ fún ìdílé. Ibi kíkà: Máàkù 1:35–39 àti 6:30–34

 

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, agogo ni ó ń darí wa: agogo jíjí, agogo àdúrà, agogo oúnjẹ, agogo ìkàwé alẹ́. Lẹ́yìn agogo ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyà ni a ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí nígbà náà. Lónìí, tí fóònù ń dún lọ́sàn-án lóru, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lójúlé dé ojúlé, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì sì ń jẹ ọjọ́ ayé wa, ohun tí a sá fún lọ́mọdé ni a ń wá kiri lágbà. Nítorí náà ni mo ṣe yan ẹ̀kọ́ yìí: báwo ni Kristẹni ṣe lè rí ibi tí ó dá nítòsí ilé, kí ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí ó sì lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì?

1. Ibi tí Olúwa wa lọ kò jìnnà

Ọjọ́ tí ó ṣáájú Máàkù 1:35 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ púpọ̀ ní Kapernaumu. Olúwa kọ́ni nínú sínágọ́gù, ó wo ìyá ìyàwó Símónì sàn, nígbà tí oòrùn sì wọ̀, gbogbo ìlú péjọ sí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dìde, ó ti lọ sí ibi tí ó dá, ó ń gbàdúrà. Ẹ kíyè sí i pé kò lọ sí ìlú òkèèrè. Ibẹ̀ súnmọ́ ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí Símónì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wá a rí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó di ìgbà tí a bá dé Jerúsálẹ́mù, tàbí orí òkè kan tí ó lókìkí, kí a tó lè gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Owó kò tó, àyè kò sì yọ, mo fi ìyẹn ṣe àwáwí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, omi ọ̀sà nìkan ni ó wà láàárín èmi àti ohun tí mo ń wá.

2. Bí a ṣe ń wá ibẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì tí ó kọjú sí gúúsù, omi ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró tí igi àgbọn pọ̀ sí. Lẹ́yìn iyanrìn náà ni òkun ńlá. Ọ̀sà yìí nà dé Èkó ní ìlà-oòrùn, ó sì nà lọ sí ìhà Àjàṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń gbà wà ní àríwá omi. Nítorí náà, òfin kìíní ni èyí: wo máàpù, kí o sì wá ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé. Ní etíkun wa, omi ni ilẹ̀kùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ibi tí a ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí a tó dé, èrò rẹ̀ kì í pọ̀.

Òfin kejì ni àkókò. Etíkun tí ó kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Kérésìmesì àti Àjíǹde a máa parọ́rọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òjò kì í pọ̀. Ní oṣù Kẹfà, ẹ jókòó sílé.

Òfin kẹta ni ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò. Ẹni tí ó bá rìn síwájú fún wákàtí kan lórí iyanrìn yóò rí i pé ìró ìgbì nìkan ni ó kù.

Kí ẹrù yín fúyẹ́: omi mímu tí ó tó, àgọ́ kékeré, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, oògùn, gàrí àti ẹ̀pà, Bíbélì kan. Ẹ pa àgọ́ sí òkè ibi tí ìgbì ń gbé pàǹtí sílẹ̀ dé. Ẹ má ṣe pa á sábẹ́ igi àgbọn tí ó so, nítorí èso tí ó já lè pa ènìyàn. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Omi ibẹ̀ a máa fà gan-an. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹ má sì kọjá ọ̀sà lóru. Méjì-méjì ni Olúwa rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má dá lọ. Ẹ lè jìnnà síra yín nígbà àdúrà.

3. Ibi tí ó dá kì í ṣe ibi tí kò ní olóhun

Àwọn ará Ògù, apẹja àti àgbẹ̀ àgbọn, ń gbé lórí iyanrìn yìí. Ohun tí à ń pè ní aginjù, ilé ẹlòmíràn ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí ọ̀nà ti rí. Igbó tí wọ́n bá ní kí a má wọ̀, kí a má wọ̀ ọ́. Ìgbàgbọ́ wa kò sọ wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ kó gbogbo ọ̀rá yín padà sílé. Bí ẹ bá rí ìjàpá òkun tí ó ń yé ẹyin lóru, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Àwọn mìíràn sì ti rin ibẹ̀ ṣáájú wa. Ní Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà, ni a ti mú àwọn ẹrú rin iyanrìn lọ sí etí òkun, dé ibi tí à ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé kànga kan wà lójú ọ̀nà tí a ń fún wọn mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹni tí ó bá lọ gbàdúrà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mu omi ìgbàgbé. Òwò ẹrú kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, tí Henry Townsend ti C.M.S. sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá. Abẹ́ igi Agia, tí ó wó ní ọdún 1959, ni wọ́n ti wàásù. Ìgbàgbọ́ ti wà lábẹ́ igi ní ilẹ̀ yìí kí ó tó wọ inú ilé.

4. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sùn lórí iyanrìn yìí, èmi nìkan ni mo lọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ń lọ gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò sọ ibi tí mo ń lọ. Mo sì pa fóònù mi. Ní ọjọ́ kejì, atẹ́gùn líle dìde, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé mi padà kò lè wá títí di ọjọ́ kẹta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta náà, mo wà lórí eékún mi nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Àwọn apẹja ń wọ́ àwọ̀n wọn láti inú òkun, ibi tí mo pa àgọ́ sí gan-an ni okùn wọn ń gbà. Inú bí mi. Bàbá àgbà kan rí Bíbélì lọ́wọ́ mi, kò bá mi jà, ó fi okùn lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ bá wa fà á.” Mo fà á títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹja kò pọ̀, síbẹ̀ wọ́n fún mi ní méjì.

Nígbà tí mo délé, mo bá àwọn alàgbà ìjọ ní pálọ̀. Ìyàwó mi kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹkún. Mo ti lọ wá àlàáfíà fún ara mi, mo sì fi ìbẹ̀rù sílẹ̀ fún ará ilé mi. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ orúkọ abúlé, nọ́ńbà atukọ̀ àti ọjọ́ àbọ̀ mi sínú ìwé, mo sì ń fi í lé ìyàwó mi lọ́wọ́ kí n tó jáde.

Ní Máàkù 6, Olúwa pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi tí ó dá kí wọ́n lè sinmi, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Kò bínú bíi tèmi. Àánú wọn ṣe é. Àwọn àgbà wa wí pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá jẹ́ sísá fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Olúwa a máa dá a padà sọ́dọ̀ ènìyàn. Ní Máàkù 1, láti ibi àdúrà náà ni ó ti mọ̀ pé ìlú mìíràn ni ó kàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ibo ni ó parọ́rọ́ jù lọ tí a lè fi ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi dé láti ilé wa? Ta ni ó ni ín?
2. Bí a bá lọ, ta ni yóò mọ ibi tí a wà?
3. Okùn ta ni a kọ̀ láti bá a fà, nítorí a ní à ń gbàdúrà?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, jí àwa náà. Mú wa lọ sí ibi tí ó dá, mú wa padà sílé ní àlàáfíà, kí o sì fún wa ní àánú fún ẹni tí a bá bá lọ́nà. Àmín.