Kí Ló Dùn Nínú Ìtàn Ìfẹ́ Ayé Àwọn Ajagun Ẹlẹ́ṣin?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù kì í wọ̀ mí lára. Ìjà ló pọ̀ níbẹ̀. Kí ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń rí?

Ìdáhùn: Ẹ fo díẹ̀ nínú ìjà náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá Lancelot tí Chrétien de Troyes kọ ní èdè Faransé ní nǹkan bí ọdún 1180. Wọ́n gbé Ayaba Guinevere lọ. Lancelot, ajagun tó nífẹ̀ẹ́ ayaba náà ṣùgbọ́n tí kò ní ẹṣin mọ́, pàdé aràrá kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọ̀daràn káàkiri ìlú. Bó bá fẹ́ gbúròó ayaba, àfi kó gun kẹ̀kẹ́ ìtìjú yìí. Ó ṣiyèméjì fún ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì péré, ó sì gùn ún.

Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán rákò kọjá lórí afárá tó jẹ́ idà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Síbẹ̀ ayaba kò wo ojú rẹ̀. Kí ló dé? Ìṣísẹ̀ méjì yẹn ni!

Adùn tí mò ń sọ gan-an nìyí: òfin ìfẹ́ le ju òfin ọba lọ, ẹ ó sì máa bá ara yín jiyàn, ta ló jàre? Ewì ni wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n lè kà á sókè láàfin, nítorí náà ẹ kà á fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Yvain, ajagun tí kìnnìún ń tẹ̀ lé.