Báwo La Ṣe Ń Mọ Ojúlówó Jákẹ́ẹ̀tì Ṣọ́jà Àtijọ́?

Ìbéèrè: Houston ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan tó ní àmì ẹfọ̀n dúdú léjìká. Ẹni tó ń tà á ní ti Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Àmì Dífíṣọ̀n 92 nìyẹn, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó jà ní Ítálì lọ́dún 1944 sí 1945. Àwọn tó ń kó ẹrù ogun jọ ń wá a lójú méjèèjì, ayédèrú rẹ̀ sì wà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ inú àpò wò. Lébẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sábà máa ń sọ ìwọ̀n aṣọ náà àti ọjọ́ tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ẹ tún wá lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sínú aṣọ: lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé ṣọ́jà, àti mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ológun rẹ̀.

Nísàlẹ̀ apá òsì, ìlà wúrà kọ̀ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà lókè òkun. Bí ẹ bá bá ìlà mẹ́fà lára jákẹ́ẹ̀tì ẹni tí wọ́n ní ó bá Dífíṣọ̀n 92 lọ, ẹ fura, torí ọdún mẹ́ta nìyẹn, ó sì ju àkókò tí wọ́n fi jà ní Ítálì lọ.

Bí ẹ bá rí orúkọ ṣọ́jà tó ni jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ kọ̀wé sí ibi àkọsílẹ̀ àwọn ológun ní St. Louis, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ọdún 1973 jó ọ̀pọ̀ fáìlì níbẹ̀.

Ẹ má sanwó tí ojú yín ò bá tíì rí inú àpò yẹn. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tú àmì kankan.