Sí Mofólú, lórí ọmọ tó dáná sun igbó Oregon

Mofólú ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. O ní ẹ gbé ẹjọ́ iná Eagle Creek yẹ̀ wò nínú kíláàsì òfin yín, ó sì jọ ọ́ lójú pé ọwọ́ dẹngbẹrẹ ni adájọ́ fi mú ọmọ náà. O ní ẹni tó bá sun igbó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó fẹ̀wọ̀n jura, ì báà jẹ́ ọmọdé. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí bó bá wu Ọlọ́run, ìwọ náà kò ní pẹ́ dúró níwájú adájọ́ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a ò sì mọ ẹni tí wàá gbẹjọ́ rẹ̀ rò.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn lọ́nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba àfonífojì odò Columbia ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí ewé gbẹ háúháú, ìjọba sì ti fòfin de iná dídá nínú igbó. Ọmọ náà ṣáná sí bángà eléèéfín, ó jù ú sínú ọ̀gbun. Obìnrin kan tó ń kọjá rí i, ó sì sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ká a lápá kò. Ilẹ̀ tó jó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 éékà. Iná fò kọjá odò bọ́ sí ìpínlẹ̀ Washington, ó há àwọn èèyàn bí 150 mọ́ inú igbó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti òpópónà márosẹ̀ pa, eérú sì ń kán sílùú Portland. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Adájọ́ John Olson ní Hood River fi ọmọ náà sábẹ́ ìṣọ́ kóòtù fún ọdún 5. Ó ní kó ṣiṣẹ́ ìsìnlú fún wákàtí 1,920 lọ́dọ̀ àjọ tó ń tọ́jú igbó ìjọba àpapọ̀, kó sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí iná náà ṣe ní jàǹbá. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ó bu owó gbà-má-bínú lé e: mílíọ̀nù 36.6 dọ́là.

Àwọn àgbà wa ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kí wá ni ìka ọmọ yìí ṣe gan-an? Ó ju bángà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Ìwà àìbìkítà ni, ó sì burú, mi ò ní bá ọ jiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí bángà yẹn dé 50,000 éékà, ọ̀pọ̀ nǹkan ló dá sí i tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀: òjò tí kò rọ̀, ewé àti igi gbígbẹ tó ti kó jọ, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, atẹ́gùn ìlà-oòrùn tó dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó sì gbé iná náà sáré. Ká ní òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni, bángà kan náà láti ọwọ́ ọmọ kan náà ì bá kú sínú koríko tútù, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nípa rẹ̀ láéláé. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà ì bá má dín kù rárá. Òjò ló máa yàtọ̀.

Fi ti Tennessee wé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, iná ṣẹ́ yọ lórí òkè Chimney Tops nínú ọgbà Great Smoky Mountains. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ìjì tó ń sáré ju máìlì 80 lọ ní wákàtí kan gbé e wọ ìlú Gatlinburg. Èèyàn 14 kú, ilé tó lé ní 2,000 sì jó tàbí kó bàjẹ́. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 17, èkejì ọmọ ọdún 15. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìjọba fa ẹ̀sùn náà yọ, nítorí wọn ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ náà ṣe lórí òkè ló pa àwọn èèyàn tó wà nílùú, nígbà tí ìjì náà ti dá sí i, tó sì ti já wáyà iná mànàmáná lulẹ̀ káàkiri. Mi ò sọ pé ibi tí wọ́n parí ẹjọ́ yẹn sí dára tán. Ó dun àwọn ẹbí tí èèyàn wọn kú, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí: níbi tí èèyàn 14 ti kú, kò sẹ́ni tó jìyà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kú, ọmọ ọdún 15 jẹ gbèsè mílíọ̀nù 36. Bí a bá ń wo ibi tí iná jó dé láti fi mọ ìyà tó tọ́ sí ọmọ, ìjì la fi ṣe adájọ́ yẹn.

Wàá sọ pé ọmọ ọdún 15 kò kéré mọ́, pé ó mọ̀ pé iná ń jó. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kó jìyà. Àmọ́ mímọ̀ yàtọ̀ sí kíkó ara ẹni níjàánu, pàápàá lójú ẹgbẹ́. Ní ọdún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg gbé èsì ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn ọmọdé, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbàlagbà wa ọkọ̀ nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ewu tí àwọn ọmọdé fi ara wọn sí pọ̀ gan-an ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ; ti àwọn àgbàlagbà kò yàtọ̀. Rántí fóònù tó ń ká ọmọ yẹn sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀gbun. Kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà náà ti gbà pé ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà kékeré: lọ́dún 2005 ló fagi lé ìdájọ́ ikú fún ẹni tí kò tó ọdún 18 nígbà tó ṣẹ̀, lọ́dún 2012 ló sì ní òfin kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀wọ̀n gbére láìsí àǹfààní ìtúsílẹ̀ di dandan fún wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó pààyàn, ti ọmọ tó ju bángà ń kọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi yin iṣẹ́ wákàtí 1,920 yẹn. Ọjọ́ 240 ni, bó bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, iṣẹ́ inú igbó tó jó kì í sì í ṣe eré. Igi tó ti kú lóòró lè wó lu èèyàn nígbàkigbà. Òkúta ń yí bọ̀ láti orí òkè, torí gbòǹgbò tó dì wọ́n mú ti di eérú, bí òjò bá sì rọ̀, ilẹ̀ á máa ṣí lọ sínú odò. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì la ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tó ń gbẹ́ ẹ lónìí tí òjò tún ń dí i lọ́la, yóò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fà ju ẹni tó jókòó sẹ́wọ̀n lọ, níbi tí kò ti ní rí igi kan ṣoṣo. Ilẹ̀ pàápàá yóò rí nǹkan gbà nínú ìyà yẹn. Kò sí nǹkan kan tí ẹ̀wọ̀n ń tún ṣe nínú igbó.

Owó gbà-má-bínú yẹn gan-an ni èmi àti adájọ́ náà ti yapa. Ó ní iye náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu torí kò ju ohun tó bàjẹ́ lọ. Àmọ́ bí ọmọ náà bá ń san 1,000 dọ́là lóṣooṣù, yóò lé ní 3,000 ọdún kó tó san án tán. Adájọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀, tó sì ní kóòtù lè dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọdún 10 bí kò bá tún ṣẹ̀. Àánú ni, mo sì gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi kọ́kọ́ di ẹrù tí kò ṣeé rù lé ọmọ lórí, ká tó wá máa wá ọ̀nà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Tún fi ti tọkọtaya àgbàlagbà kan wé e: wọ́n tan nǹkan eléèéfín ní California lọ́dún 2020 níbi ayẹyẹ láti fi mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni oyún wọn. Panápaná kan kú nínú iná tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ọkọ lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, owó tí kóòtù sì bù lé wọn kò tó mílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ti ọmọdé tí kò pa ẹnikẹ́ni fi ìlọ́po 20 jù ú lọ.

Má rò pé mo gbàgbé àwọn tí iná náà ṣe ní jàǹbá. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn, ìjọba ló ni ín: àjọ igbó ìjọba àpapọ̀ nìkan béèrè tó mílíọ̀nù 21, àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà ní Oregon béèrè ju mílíọ̀nù 12 lọ. Iléeṣẹ́ rélùwéè náà béèrè tiẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan wà nínú wọn tí tirẹ̀ jẹ́ 5,000 dọ́là péré. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí owó ọmọ náà kọ́kọ́ lọ, títí yóò fi pé. Ìjọba ń gba owó orí torí irú ọjọ́ burúkú yẹn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé gbèsè ńlá ni yóò dẹ́rù ba àwọn ọmọ mìíràn, jẹ́ kó mọ̀ pé National Institute of Justice, àjọ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ sọ pé ìdánilójú pé ọwọ́ yóò tẹ èèyàn ń dá a lẹ́kun ju bí ìyà ṣe le tó lọ. Olùṣọ́ igbó kan lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ ìsinmi ì bá ṣe ju mílíọ̀nù 36 lọ. Àwọn tó tọpa àwọn ọmọ tó lé ní 1,000 tí ẹjọ́ wọn dé kóòtù ní Allegheny County ní Pennsylvania sì rí i pé àwọn tí wọ́n di gbèsè owó rù ló tún ń padà sẹ́ṣẹ̀ jù.

Nítorí náà, bí fáìlì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má jẹ́ kí iye éékà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Wádìí ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ náà, àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wá wádìí ohun tó ṣe nígbà tó rí i pé èéfín ń gòkè: ṣé ó sá ni, àbí ó pe panápaná? Èyí ló wúwo jù lójú mi, torí ìjì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òun nìkan ló dá a ṣe. Ọmọ tó pe panápaná yẹ kí ìyà rẹ̀ fúyẹ́ gan-an ju ti ẹni tó sá lọ, kódà kí iná rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá jù. Bẹ kóòtù fún iṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó jó, fún ìpàdé ojúkojú pẹ̀lú àwọn tó pàdánù nǹkan bí wọ́n bá gbà, àti fún owó tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká. Sì rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ tí ìyà náà máa parí sínú ìdájọ́, kí wọ́n kà á sí ọmọ náà létí nínú kóòtù.

Bí àlàyé mi bá mẹ́hẹ níbì kan, kọ̀wé sí mi, má wo ti àgbà mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Ìbàdàn.