Ìrora Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Eegun Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́.

Bí a bá dúró lẹ́yìn ènìyàn, ó yẹ kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bí òpó ilé. Ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn a máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a sì máa lọ́, tí èjìká kan yóò fi ga ju èkejì lọ. Ìgbà tí ọmọ ń bàlágà ni ó sáábà máa ń hàn. Kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹrù tí ọmọ rù ni ó fà á. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, oníṣègùn Paul Harrington ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá irin na irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ní apá tiwa, Dókítà Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ ilẹ̀ Gánà, dá ẹgbẹ́ FOCOS sílẹ̀ ní 1998. Ilé ìwòsàn wọn lẹ́bàá Àkrà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọmọbìnrin kan láti Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni a ṣe iṣẹ́ náà fún. A ti la ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, a sì ti fi irin de eegun rẹ̀; nítorí náà ìrora ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ pọ̀ gidigidi. Ìyá rẹ̀ ń sọ fún un pé, “Mú ọkàn le, ọmọ mi, akin kì í ké.” Ọmọ náà fún ẹnu pọ̀, ó dákẹ́. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ẹni tí ìrora dè mọ́lẹ̀ kò lè mí kanlẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì jókòó sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò lè dìde rìn, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, “Bí àìsí ìrora bá jẹ́ òdo, tí èyí tí ó burú jù jẹ́ mẹ́wàá, mélòó ni tìrẹ?” kí ó dáhùn ní òtítọ́ pé, “Mẹ́jọ ni, mà.”

Àkókò tí dókítà dá ni kí a máa lo oògùn. A kì í dúró kí iná jó dé òrùlé kí a tó bu omi. Oògùn líle bíi mọ́fíìnì a máa mú ìgbẹ́ gan. Omi àti ìbẹ́pẹ yóò ràn án lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní àgbo láìsọ fún dókítà, kí a má sì fi òróró gbígbóná wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ yí padà, kí èjìká àti ìdí rẹ̀ jùmọ̀ yí bí ìtì igi. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, a óò mú un rìn ní ìwọ̀nba. Kò gbọdọ̀ pọn omi tàbí kí ó tẹ̀ gbọọrọ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Orin àti ìtàn tún dára, nítorí ìbẹ̀rù a máa fi kún ìrora. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí bí kò bá lè mí dáradára, kí a pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ìrora yóò máa rọlẹ̀, títí ọmọ náà yóò fi padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó sọ ibi tí ó ń dùn ún kì í ṣe ojo. Òun ni ó ń ran oníṣègùn lọ́wọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ewu tí ó wà nínú fífi ìrora pamọ́?
2. Èé ṣe tí a kì í fi dúró kí ìrora le kí a tó lo oògùn?
3. Kọ àròkọ kúkúrú lórí òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.