Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Akọ́nimọ̀ọ́gbá lórí Fífi Àyè Sílẹ̀ fún Alátakò

Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn márùn-ún ti ń bá àwọn márùn-ún díje láti ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n tí a gbé kọ́ sókè, ayò ẹgbẹ́ ọmọdé kan lè tètè ju ti èkejì lọ débi pé ẹni tí ń borí kò rí ẹ̀kọ́ kọ́ mọ́, tí ẹni tí a ń nà kò sì fẹ́ padà wá sí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń tọ́ ọmọ ní Tallaght, níbi tí National Basketball Arena wà, tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Dublin, ní Ireland, gbọ́dọ̀ ti pinnu ohun tí yóò ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó dá dúró ni ìfúngun gbogbo pápá, èyíinì ni dídí alátakò lọ́nà láti abẹ́ agbọ̀n tí ó ti ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn, kí alátakò lè kọjá ìlà àárín. Kí àwọn tí kì í sábà gbá wọlé, kí àwọn ọ̀jáfáfá sì máa fi ọwọ́ tí kò mọ́ wọn lára ju bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà kúrò lọ́nà pátápátá, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìgbà tí a ń ṣàánú òun ní gbangba, irú àánú bẹ́ẹ̀ sì máa ń dunni ju ìjákulẹ̀ lọ. Ayò tí a fi àyè sílẹ̀ fún, tí ọmọ náà sì làágùn kí ó tó jẹ ẹ́, ni ó ń mú un dàgbà.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2009, àwọn ọmọbìnrin Covenant School ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, fi ayò 100 sí òdo na Dallas Academy, ilé ẹ̀kọ́ tí ó borí náà ni ó sì padà tọrọ àforíjì. Ní El Paso, ní Amẹ́ríkà bákan náà, ní 2013, ọmọkùnrin kan ju bọ́ọ̀lù sí alátakò rẹ̀ tí ó ní ìpèníjà ọpọlọ, ẹni tí ìgbìyànjú rẹ̀ ti kọ́kọ́ kùnà, ìyẹn sì jẹ ayò. Èyí yàtọ̀ sí àánú àṣehàn, nítorí pé ọkàn ọmọ náà ni ó ti wá, kò sẹ́ni tí ó pàṣẹ fún un. Ìwà ọmọlúàbí gan-an nìyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sì lè fi ìpàṣẹ dá irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ireland fúnra rẹ̀, àjọ GAA, tí ń darí àwọn eré ìdárayá ìbílẹ̀ Ireland, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Croke Park ní Dublin, ní ètò tí a ń pè ní Go Games fún àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ, nínú èyí tí gbogbo ọmọ ń gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí àwọn tí ń tọ́ ọmọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fara balẹ̀ wo ètò yìí, kí wọ́n sì mú ohun tí ó bá wúlò níbẹ̀ lò.