Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Yín Wò Nígbà Tí Ara Ṣì Le



Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin ọmọ Abẹ́òkúta, jáde láyé lẹ́ni ọdún 58. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, ló sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn éèdì ló fà á. Nígbà náà, oògùn tó ń ká kòkòrò HIV, tó ń fa éèdì, lọ́wọ́ kò kò tíì dé àrọ́wọ́tó wa. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn nílé ìwòsàn ìjọba. Ohun tó wá ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ kì í tètè wá gbà á.

Kòkòrò yìí lè wà lára èèyàn fún bí ọdún 8 sí 10 kí àìsàn ńlá tó yọjú. Onítọ̀hún ń tajà l'Ókè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jó l'Ójúde Ọba. Bí ibà bá dé, oògùn kẹ́míìsì ni. Bí kò lọ, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Ó kan àgbo, ó kan àdúrà òru. Lásìkò yẹn, kòkòrò ń pa àwọn ọmọ ogun ara tí dókítà ń pè ní CD4. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, iye wọn sábà máa ń ju 500 lọ. Tó bá ti dín ní 200, ewu ti dé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń pa èèyàn jù nínú àwọn àìsàn tó ń lo àǹfààní yẹn. Àìsàn mìíràn máa ń wọ awọ tó bo ọpọlọ: orí á máa fọ́ ṣáá, ọrùn á gan, ojú á ṣú. Ọkọ tàbí aya sì lè ti kó o kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Aláboyún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ àyẹ̀wò. Láìsí ìtọ́jú, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o lára ìyá. Pẹ̀lú oògùn, kì í tó 5.

Wọ́n á gún ọmọ ìka, èsì á sì jáde kí wákàtí kan tó pé. Bó bá jẹ́ àìpẹ́ yìí lẹ fura pé ẹ kó o, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èsì náà.

Ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lè rí i pé àìsàn tún le sí i lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, torí ara tó ń gbérí ń bá àìsàn tó ti fara pamọ́ jà. Kó má dá oògùn dúró. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.