Ọmọ Emùré-Ilé Nínú Igbó Bọ́mà

Ẹni tí à ń lé láti pa kò lè fi ara rẹ̀ nìkan pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un, ẹlòmíràn ni yóò sì máa pa ẹnu mọ́ nítorí rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ Júù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọdébìnrin kan, Anne Frank, sá pamọ́ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní ìlú Amsterdam ní oṣù Keje 1942. Àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ wọn, títí ọwọ́ ọ̀tá fi tẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1944.

Ní ọdún 1944 kan náà, ọmọ ilẹ̀ wa kan wà ní ìpamọ́ ní ọ̀nà jíjìn réré. Ọ̀ràn tirẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn Júù, nítorí pé ìran tí a bí wọn sí ni a fi ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n sójà ni òun. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó lè tà á fún ọ̀tá ni ẹ̀mí tirẹ̀ náà wà.

Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1925 ni a bí i ní Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ wọ iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, láìfi lọ bàbá tàbí ìyá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ti tó ọjọ́ orí yẹn. Wọ́n kọ́ ọ ní ìtọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Sierra Leone. Láti ibẹ̀ ni ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Íńdíà, tí ó sì bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Àwọn ará Jàpáánì ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1942.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáánì lúgọ de ẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ọta mìíràn sì bà á ní ikùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di ọgbẹ́ fún ẹlòmíràn kò rí ẹni tí yóò di tirẹ̀. Àwọn ọ̀tá wò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó máa kú lọ.

Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ni wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn tí ó gbọgbẹ́ náà. Mùsùlùmí ni wọ́n, nínú ìran tí a mọ̀ sí Rohingya lónìí. Wọ́n gbé ìrẹsì wá fún wọn nínú igbó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù kú tán, tí ó fi ku Isaac àti David Kagbo, ará Sierra Leone. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí àwọn ará abúlé náà ń fi wéwu. Ọwọ́ Jàpáánì ni agbègbè náà wà. Ní 1942, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ ti para wọn nípakúpa, nítorí náà ẹni tí yóò lọ ṣòfófó kò jìnnà. Sójà aláwọ̀ dúdú tí kò lè rìn kì í ṣe ẹrù tí a lè pè ní àlejò láti abúlé kejì!

Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀, níbi tí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Bí alákàn ti ń fi ojú ṣọ́ orí ni ilé náà ń ṣọ́nà. Isaac, ọmọ ìjọ Kristi, gba orúkọ Mùsùlùmí láàrin wọn. N kò lè dá a lẹ́bi. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó lò ní ìpamọ́, kí àwọn ọmọ ogun Gurkha tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó dé gbà wọ́n ní oṣù Kejìlá 1944.

Ó padà sílé, ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí di 1980, ìwé tí ó kọ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí sì jáde ní 1999. Ṣùgbọ́n kò gbúròó Shuyiman mọ́. Ta ni ì bá bá a kọ lẹ́tà dé abúlé bẹ́ẹ̀? Ní 2011 ni oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì wá ọ̀nà dé ibẹ̀. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ láàyè, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Isaac gbọ́ ìròyìn wọn kí ó tó kú ní oṣù Kọkànlá 2012.

Ní ọdún 2012 yẹn gan-an ni ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè àwọn Rohingya, tí a ń sun ilé wọn níná. Ní 2017, àwọn sójà orílẹ̀-èdè wọn dojú kọ wọ́n, àwọn tí ó lé ní 700,000 sì sá kọjá ààlà lọ sí Bangladesh. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú àgọ́ níbẹ̀.